Nọ́ọ̀sì ni mí, mo ní wárápá: ta ni kí n sọ fún ní wọ́ọ̀dù?

Ọmọ-Òkè-Ògùn:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà nọ́ọ̀sì àti gbogbo ẹ̀yin tí ẹ wà níbí. Ọ̀rọ̀ kan ń jẹ mí lọ́kàn, mi ò sì rí ẹni bá sọ ọ́ nílé.

Ọmọ ọdún 26 ni mí, ó di ọdún kejì tí mo ti ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní ilé ìwòsàn ìjọba kan ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Nílé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì ni wárápá ti kọ́kọ́ gbé mi. Dókítà fi mí sí carbamazepine, ó sì bá mi lára mu, oṣù 14 gbáko ni kò fi gbé mi. Ìyá mi nìkan ló mọ̀, àti ọ̀rẹ́ mi kan tí a jọ gbé yàrá nígbà náà.

Lóṣù tó kọjá, wọ́n fi mí sí iṣẹ́ òru fún ọjọ́ méje léraléra torí pé a ò pọ̀ tó. Lọ́sàn-án, ariwo jẹnẹrétọ̀ àwọn aládùúgbò kì í jẹ́ kí n sùn. Nígbà tó di òru karùn-ún, ní nǹkan bí aago mẹ́rin ìdájí, mo gbé ike ìtọ̀ aláìsàn kan, mo fẹ́ lọ dà á nù. Mo gbóòórùn kan bí ìgbà tí rọ́bà ń jóná. Mo mọ òórùn yẹn. Mo rántí pé mo gbé ike náà sílẹ̀, mi ò rántí nǹkan mìíràn mọ́. Ìgbà tí mo lajú, ilẹ̀ ni mo wà, màmá tó ń gbálẹ̀ wọ́ọ̀dù jókòó tì mí, ó ti ká ìborùn rẹ̀ sábẹ́ orí mi, ó sì ti fi ẹ̀gbẹ́ mi lélẹ̀. Mo ti gé ahọ́n mi jẹ, aṣọ funfun mi ti tutù. Ó ní, "Nọ́ọ̀sì, ẹ má bẹ̀rù, mi ò pe ẹnì kankan. Àbúrò mi náà ní in." Ó bá mi wá aṣọ pààrọ̀. Nígbà tó di aago mẹ́fà, mo lọ pín òògùn. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù jù nìyẹn, pé mo lọ pín òògùn. Ká ní mo ṣì í fún ẹnì kan ńkọ́?

Ẹ dákun, ṣé kí n sọ fún mátírọ́ọ̀nù? Tí wọ́n bá lé mi ńkọ́? Àbí kí n kúkú fi iṣẹ́ nọ́ọ̀sì sílẹ̀?

Wọ́ọ̀dù-Ọmọdé:

Àbúrò mi, pẹ̀lẹ́. Ọpẹ́ ni pé màmá yẹn wà nítòsí. Ọdún kọkànlá rèé tí èmi náà ti ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì pẹ̀lú wárápá. Kí n kọ́kọ́ dáhùn èyí tó kẹ́yìn nínú ìbéèrè rẹ: má fi iṣẹ́ sílẹ̀. Kì í ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ló gbé ọ ṣubú, àìsùn ni. Oṣù 14 lo fi ṣe iṣẹ́ kan náà tí nǹkan kan ò ṣe ọ́, òru márùn-ún péré ló dá a rú.

Ní ti ẹni tó yẹ kí o sọ fún, ibẹ̀ ni mo ti ṣi ẹsẹ̀ gbé. Níbi iṣẹ́ mi àkọ́kọ́, ilé ìwòsàn aládàáni kan, mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó gbé mi lójú àwọn tó wá kí aláìsàn. Lọ́jọ́ kejì, ẹni tó ni ibẹ̀ ní kí n má wá mọ́, kò kọ ìwé fún mi, kò san owó oṣù tí mo ti ṣe. Níbi iṣẹ́ kejì mo ní mo ti gbọ́n, mo sọ. Ṣùgbọ́n ẹlẹgbẹ́ mi kan tí a jọ ń jẹun ni mo kọ́kọ́ sọ fún, kì í ṣe ọ̀gá. Kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí, mo wọ yàrá tí a ti máa ń mu tíì, mo rí i pé wọ́n ti yọ ife mi sọ́tọ̀ láàárín tàwọn tó kù, wọ́n sì lẹ pílásítà mọ́ ọwọ́ rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má baà ṣèèṣì fi í mu nǹkan. Pílásítà tí a fi ń di abẹ́rẹ́ omi mọ́ ọwọ́ aláìsàn ni. Nọ́ọ̀sì ló ṣe é o, àwọn tó kàwé. Mo wo ife yẹn títí, mo fọ̀ ọ́, mo gbé e lọ sílé.

Torí náà, ẹni tó ń ṣe rósítà ni kó kọ́kọ́ gbọ́, kó sì gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ, pẹ̀lú ìwé dókítà. Lẹ́yìn ìyẹn ni ẹnì kan tàbí méjì tí ẹ jọ máa ń wà lẹ́nu iṣẹ́. Ti àwọn yòókù lè dúró.

Ohun mìíràn tó ràn mí lọ́wọ́ ni ìwé kékeré kan tí mo ń kọ nǹkan sí: wákàtí tí mo sùn, aago tí mo lo òògùn, ọjọ́ tí mo rí nǹkan oṣù mi. Oṣù kẹrin ni mo tó rí i pé ọjọ́ méjì ṣáájú nǹkan oṣù ló sábà máa ń gbé mi. Mo gbé ìwé náà lọ fún dókítà, ó tún òògùn mi tò. Iṣẹ́ òru kankan kì í bọ́ sí àwọn ọjọ́ yẹn mọ́ nínú rósítà mi.

Ìyá-Wọ́ọ̀dù:

Ọmọ mi, ọdún 34 ni mo lò lẹ́nu iṣẹ́ yìí kí n tó fẹ̀yìntì, mo sì fi 11 nínú rẹ̀ jẹ́ mátírọ́ọ̀nù.

Ibì kan wà tí màá ti bá ọ wí, gbà á lọ́wọ́ mi bí ọ̀rọ̀ ìyá. Tí wárápá bá ti gbé ọ, o ò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan òògùn aláìsàn mọ́ lọ́jọ́ náà. Ojú lè là, ẹsẹ̀ lè gbé èèyàn, kí ọpọlọ má tíì jí tán. Èèyàn á rí 0.5 lára ìwé, á kà á sí 5. Sọ fún ẹni tí ẹ jọ wà pé ara rẹ kò yá, kó gba kọ́kọ́rọ́ àpótí òògùn lọ́wọ́ rẹ. Bí ìwọ nìkan ló wà ní wọ́ọ̀dù, pe nọ́ọ̀sì tó ń bójú tó gbogbo ilé ìwòsàn lóru. Èyí gan-an ló fi yẹ kí ọ̀gá rẹ ti mọ̀ tẹ́lẹ̀.

Ohun tí kì í tẹ́ mátírọ́ọ̀nù lọ́rùn ni kí nǹkan ká a mọ́ lójijì. Tí o bá lọ bá a nígbà tí ara rẹ le, ó láàyè láti ronú. Tó bá jẹ́ pé ìgbà tí o bá ṣubú ló máa mọ̀, ìbẹ̀rù ni á fi ṣèpinnu. Gba ìwé lọ́wọ́ dókítà rẹ. Ìwé náà kò ní láti gùn: òògùn tí o ń lò, ìgbà tó gbé ọ gbẹ̀yìn, ohun tó máa ń fà á, ohun tí kò yẹ kí wọ́n fi ọ́ sí, àti ohun tí wọ́n máa ṣe tó bá ṣẹlẹ̀.

Má sì lọ bá a pé, "Mà, mi ò lè ṣe òru." Gbogbo èèyàn ni kì í fẹ́ ṣe òru. Lọ bá a pé o máa ṣe àárọ̀ àti ọ̀sán, o máa ṣe Sátidé, o máa ṣe Sọ́ńdè, o máa ṣe ọjọ́ Kérésì àti ọjọ́ Iléyá. Èmi tí mo ti jókòó ti rósítà mọ ohun tí Sọ́ńdè ń fi ojú wa rí. Nọ́ọ̀sì tó bá gbé èyí wá sórí tábìlì mi, màá bá a wá nǹkan ṣe. Bí òru kò bá ṣeé yẹ̀ pátápátá, kó má ju méjì lọ léraléra, kí o sùn dáadáa lọ́sàn-án tó ṣáájú rẹ̀, kí o má sì jẹ́ ìwọ nìkan nínú wọ́ọ̀dù.

Àwọn iṣẹ́ kan wà tí o ní láti yẹra fún títí yóò fi pẹ́ díẹ̀ tí kò gbé ọ: gbígbé ọmọ tuntun kiri, wíwẹ ọmọ nínú ọpọ́n, dídúró ti dókítà níbi iṣẹ́ abẹ, kí ìwọ nìkan tẹ̀lé aláìsàn nínú áńbúláǹsì. Kò túmọ̀ sí pé o ò já fáfá. Bó bá gbé ìwọ nìkan, ìwọ nìkan lo máa fara gbọgbẹ́. Bó bá gbé ọ pẹ̀lú ọmọ ọlọ́mọ lápá, ẹ di méjì.

Kí o tún kọ́ àwọn tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́ ní ohun tí wọ́n máa ṣe. Ó dùn mí láti sọ ọ́, mo ti rí nọ́ọ̀sì tó sá, mo sì ti rí èyí tó fẹ́ ki ṣíbí bọ aláìsàn lẹ́nu. Kí wọ́n wo aago. Kí wọ́n gbé ohun tó le tàbí tó mú kúrò nítòsí rẹ, kí wọ́n fi nǹkan rírọ̀ sábẹ́ orí rẹ. Kí wọ́n má di ọ́ mọ́lẹ̀, kí wọ́n má fi ohunkóhun sí ọ lẹ́nu. Tí gbígbọ̀n náà bá ti dáwọ́ dúró, kí wọ́n fi ẹ̀gbẹ́ rẹ lélẹ̀. Bó bá kọjá ìṣẹ́jú 5, tàbí tó tún gbé ọ kí o tó jí, kí wọ́n sáré pe dókítà. Màmá tó ń gbálẹ̀ yẹn ṣe é bó ṣe yẹ gẹ́lẹ́. Inú mi dùn sí i.

Ìfófòó ẹnu kì í ràn. Wárápá kì í ran ènìyàn. Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọ̀ṣuntókun, oníṣègùn ọpọlọ, àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ìbàdàn lọ wo àwọn ará Igbó-Ọrà láti ojúlé dé ojúlé, wọ́n tẹ àbọ̀ rẹ̀ jáde ní 1987: nǹkan bí èèyàn 5 nínú 1,000 ló ní wárápá. Ẹ fi ìyẹn wo ìlú yín. Ẹ ti bá wọn jẹun láìmọ̀.

Ọmọ-Òkè-Ògùn:

Ẹ ṣeun mà. Mo gba ìbáwí náà. Ẹ̀gbọ́n mi Wọ́ọ̀dù-Ọmọdé, mo ka ọ̀rọ̀ ife yẹn lẹ́ẹ̀mejì. Tí wọ́n bá wá lé mi lẹ́yìn tí mo bá sọ ńkọ́?

Ìyá-Wọ́ọ̀dù:

Òfin wà. Oṣù kìíní ọdún 2019 ni Ààrẹ fọwọ́ sí òfin tó ka fífi ìyà jẹ ẹni tó ní ìpèníjà ara léèwọ̀. Ìtanràn 1,000,000 náírà ni fún iléeṣẹ́ tó bá rú u. Fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, 100,000 náírà ni, tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà. Àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ àwọn tó ní ìpèníjà ara ni kí o kọ̀wé sí. Mi ò ní tàn ọ́ pé òfin nìkan á gbà ọ́, ilé ẹjọ́ wa kì í yára. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ pé kí ohun gbogbo wà nínú ìwé: kọ lẹ́tà, ṣe ẹ̀dà rẹ̀, jẹ́ kí wọ́n buwọ́ lu ẹ̀dà tìrẹ.

Apòògùn-Abẹ́òkúta:

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n dá sí i. Apòògùn ni mí. Nọ́ọ̀sì wà lára àwọn tó máa ń fúnra wọn lo òògùn jù, torí pé òògùn wà lárọ̀ọ́wọ́tó yín.

Tí ẹ̀yìn bá ń dùn yín lẹ́yìn gbígbé aláìsàn, ẹ má fọwọ́ kan tramadol. Ó máa ń fa wárápá. Ciprofloxacin, òògùn tó ń pa kòkòrò àrùn, náà lè fà á. Tí ibà bá ń ṣe yín, ẹ má kàn mú artemether-lumefantrine jẹ bí gbogbo èèyàn ṣe ń ṣe: àwọn òògùn wárápá bíi carbamazepine, phenytoin àti phenobarbital máa ń mú kí agbára rẹ̀ dínkù lára, ibà á sì padà. Ẹ sọ òògùn tí ẹ ń lò fún dókítà kó mọ èyí tó máa kọ. Mefloquine, òògùn ibà mìíràn, kò yẹ ẹni tó ní wárápá rárá.

Ẹ̀yin obìnrin, ẹ gbọ́ èyí dáadáa. Carbamazepine máa ń ba iṣẹ́ òògùn ìfètò-sọ́mọ-bíbí oníhóró jẹ́, àti èyí tí wọ́n ń fi sí apá. Mo mọ ẹni tó lóyún báyẹn, nọ́ọ̀sì ni. Abẹ́rẹ́ olóṣù mẹ́ta àti kọ́pà tí wọ́n ń fi sí ilé ọmọ kò ní ìṣòro yẹn. Bó bá sì jẹ́ sodium valproate, òògùn wárápá mìíràn, ni wọ́n fún yín, tí ẹ ṣì fẹ́ bímọ, ẹ padà lọ bá dókítà kí oyún tó dé. Nínú ọmọ 10 tí ìyá wọn lò ó nínú oyún, bí ọ̀kan máa ń ní àbùkù ara, bí 3 sí 4 sì lè ní ìṣòro ọpọlọ àti ẹ̀kọ́. Ẹ má ṣe dá òògùn náà dúró fúnra yín nítorí ohun tí mo kọ yìí o. Dídá òògùn wárápá dúró lójijì lè gbé èèyàn lọ. Dókítà ló máa fi òmíràn rọ́pò rẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Ọ̀rọ̀ owó. Mo mọ bí òògùn ṣe gbówó lórí láti 2023 tí náírà ti já wálẹ̀. Mo ń rí àwọn tó ń gé òògùn sí méjì kó lè pẹ́ lọ́wọ́ wọn, ó sì ń bà mí nínú jẹ́. Ẹ sọ fún dókítà pé owó ò tó, òògùn tó rọjú ju èyí lọ lè wà. Carbamazepine tí ẹ bá ti ń lò, ti iléeṣẹ́ kan náà ni kí ẹ máa rà bó bá ti ṣeé ṣe, kí ó sì ku ọ̀sẹ̀ méjì kó tó tán kí ẹ tó lọ ra òmíràn.

Ọmọ-Aládùúrà:

Nọ́ọ̀sì ni èmi náà, ọmọ ìjọ sì ni mí. Àdúrà ń bẹ fún ọ, arábìnrin mi. Ohun tí mo fẹ́ fi kún un ni ọ̀rọ̀ ìṣọ́ òru àti àwẹ̀. Àbúrò mi ọkùnrin ló ní wárápá nílé wa. Ọjọ́ mẹ́ta léraléra ló ṣe ìṣọ́ òru, tó fi ebi sínú, tó sì fi òògùn sílẹ̀ torí pé kò fẹ́ fi omi kan ẹnu. Nílẹ̀ ilé ìjọsìn ló ṣubú sí, wọ́n wá ní ẹ̀mí èṣù ló ń jà. Mo lọ bá wòlíì wa fúnra mi, mo ṣàlàyé fún un. Bàbá náà gbọ́ mi yé, ó ní kí àbúrò mi máa gba àdúrà tirẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, kó sì jẹun. Ẹ bá àwọn aṣáájú yín sọ̀rọ̀, kì í ṣe gbogbo wọn ló le. Ẹ̀yin Mùsùlùmí náà, ẹ bá dókítà àti ààfáà yín sọ̀rọ̀ kí Ramadan tó wọlé, ẹ̀sìn yọ̀ǹda fún aláìsàn.

Àjọ̀-ò-dùn:

Láti England ni mo ti ń kọ̀wé. Ọ̀pọ̀ nọ́ọ̀sì tó ń bọ̀ níbí máa ń fi wárápá pamọ́ torí wọ́n rò pé wọn ò ní fún àwọn níwèé. NMC, àjọ tó ń fún nọ́ọ̀sì níwèé àṣẹ níbí, kò ní kí ẹni tó ní àìsàn má ṣe nọ́ọ̀sì. Ohun tí wọ́n ń béèrè ni pé ṣé o lè ṣiṣẹ́ láìpa ẹnikẹ́ni lára. Mo kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù mi, dókítà mi kọ̀wé, wọ́n gbà mí.

Òfin ọdún 2010 tí wọ́n ń pè ní Equality Act gbèjà wa níbí, kódà bí òògùn bá ti mú un dákẹ́, torí bí ara rẹ ì bá ti rí láìlo òògùn ni wọ́n ń wò. Kí wọ́n tó fún ọ níṣẹ́, wọn ò gbọ́dọ̀ máa bi ọ́ léèrè nípa ìlera rẹ lọ́nà gbogbo. Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti gbà ọ́, ẹ̀ka tó ń rí sí ìlera òṣìṣẹ́ máa pè ọ́. Ibẹ̀ ni kí o tú gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Àwọn ló kọ̀wé pé kí wọ́n má fi mí sí òru, pé kí wákàtí iṣẹ́ mi má máa tó 12, pé kí n lè dúró lo òògùn mi lásìkò. Ọ̀gá wọ́ọ̀dù mi kò fẹ́ràn rẹ̀ níbẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ṣe é.

Ẹ má gba iṣẹ́ nọ́ọ̀sì tó ń lọ láti ilé dé ilé tí ẹ kò bá tíì pé ọdún kan gbáko láìsí wárápá, torí ẹ ò gbọ́dọ̀ wa ọkọ̀ kí ọdún kan náà tó pé, ẹ sì gbọ́dọ̀ jẹ́ kí DVLA, àjọ tó ń fún èèyàn níwèé àṣẹ ọkọ̀ wíwà, mọ̀. Ní England, ẹni tó ń lo òògùn wárápá lójoojúmọ́ kì í sanwó òògùn kankan. Ẹ béèrè fọ́ọ̀mù FP92A lọ́wọ́ dókítà yín. Ọdún méjì ni mo fi ń sanwó kí ẹnì kan tó sọ fún mi.

Bàbá-Ìbejì:

Ìyàwó mi ni nọ́ọ̀sì tó ní in, èmi ni mo ń gbé e lọ síbi iṣẹ́. Kò gbọ́dọ̀ gun ọ̀kadà. Ó ti gbé e lẹ́yìn ọ̀kadà lẹ́ẹ̀kan, Ọlọ́run ló yọ ọ́. Bí n kò bá sí nílé, kẹ̀kẹ́ ló máa ń wọ̀, inú ló máa ń jókòó sí. Bí ó bá ń wẹ̀, kì í ti ilẹ̀kùn. Omi kànga kò kàn án, èmi tàbí àwọn ọmọ la máa ń fà á. Lọ́jọ́ tó bá ti ibi iṣẹ́ dé tó rẹ̀ ẹ́, èmi ni mo ń dáná. Àwọn ẹbí mi sọ̀rọ̀ títí. Mo ní kí wọ́n wá dáná fún wa.

Ọmọ-Òkè-Ògùn:

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, mo ní kí n wá jábọ̀.

Mo gba ìwé lọ́wọ́ dókítà, ó sì fi díẹ̀ kún òògùn mi. Mo lọ bá mátírọ́ọ̀nù ní ọjọ́ Mọ́ńdè lẹ́yìn tí wọ́n ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ àwọn olóru tán. Mo ti kọ ohun tí mo fẹ́ sọ sí àtẹ́lẹwọ́ mi, òógùn sì ti pa á rẹ́. Wọ́n ka ìwé náà, wọ́n tún un kà. Wọn ò sọ nǹkan kan fún ìgbà pípẹ́. Wọ́n wá fa dúrọ́ọ̀ wọn, wọ́n mú rósítà jáde, wọ́n ní, "Sátidé àti Sọ́ńdè, o lè ṣe é?" Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, mà." Wọ́n fi bírò pa orúkọ mi rẹ́ níbi òru fún oṣù mẹ́ta, wọ́n ní a máa tún un wò lẹ́yìn náà. Mo sọ fún wọn pé mo pín òògùn lọ́jọ́ tó gbé mi. Wọ́n ní kí n jókòó, a jọ yẹ ìwé àwọn aláìsàn ọjọ́ yẹn wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò sí èyí tí mo ṣì fún ẹnikẹ́ni.

Nọ́ọ̀sì kan kì í jókòó tì mí mọ́. Ó dùn mí, ṣùgbọ́n mo ń sùn.

Ohun tí mo tún fẹ́ béèrè rèé. Àbúrò màmá tó ń gbálẹ̀ yẹn, ọmọ ọdún 31, kò tíì rí dókítà rí nítorí wárápá. Láti kékeré ni wọ́n ti ń gbé e kiri, àgbo ìtọ̀ màálù, gbẹ́rẹ́, wọ́n tiẹ̀ ti ti ẹsẹ̀ rẹ̀ bọ iná rí kó lè jí, àpá rẹ̀ wà níbẹ̀. Mo ti sọ fún màmá pé màá tẹ̀ lé wọn lọ. Ẹ̀rù Aró, ilé ìwòsàn àrùn ọpọlọ ní Abẹ́òkúta, ń bà wọ́n, wọ́n ní àwọn èèyàn á pè é ní wèrè. Kí ni kí a mú dání lọ́jọ́ àkọ́kọ́?

Wọ́ọ̀dù-Ọmọdé:

Ọmọ dáadáa. Bí Aró bá ń bà wọ́n lẹ́rù, ẹ lọ sí UCH, ilé ìwòsàn ńlá ní Ìbàdàn. Ẹ gba ìwé láti ilé ìwòsàn yín kí wọ́n lè tètè rí i. Màmá fúnra wọn ni kó tẹ̀ lé e, torí ẹni tó bá ń gbé kì í mọ bó ṣe ń ṣe é. Bó bá tún gbé e kí ọjọ́ náà tó pé, kí ẹnì kan fi fóònù ya fídíò rẹ̀, kí ẹlòmíràn máa tọ́jú rẹ̀. Dókítà á rí ohun púpọ̀ níbẹ̀ ju èyí tí ẹnu lè ròyìn lọ. Ẹ mú gbogbo ohun tó ń mu dání, títí kan àgbo náà nínú ìgò rẹ̀.

Apòògùn-Abẹ́òkúta:

Kí ó jẹun kí ẹ tó kúrò nílé, èrò máa ń pọ̀ níbẹ̀, ẹ lè pẹ́. Tí wọ́n bá kọ òògùn fún un, ya fọ́tò ìwé náà, kí o fi ránṣẹ́ sí mi níbí kí ẹ tó rà á. Màá wo èyí tí owó rẹ̀ rọjú.